Ẹ̀jẹ̀ àti Ikun Nínú Ìgbẹ́: Kì Í Ṣe Gbogbo Rẹ̀ Ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Ọ̀rọ̀ ìlera fún àwọn àgbàlagbà tí ń sọ èdè Yorùbá ní ìlú Manchester

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá kì í fẹ́ pè lórúkọ ní gbangba. Bí ó bá di dandan kí a mẹ́nu bà á, a ó ní a lọ sí ẹ̀yìn, tàbí kí a ní a lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni ó mú wa máa fi aṣọ bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ohun tí ènìyàn yà, aṣọ tí a fi bò ó lè di ohun tí yóò ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Nítorí náà, ẹ fún mi láyè kí n la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀: ìgbẹ́ ni mo fẹ́ sọ, àti ẹ̀jẹ̀, àti ikun tí ó máa ń bá a jáde nígbà mìíràn.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe. Bí a bá ti dé orí ọ̀rọ̀ yìí, orúkọ kan ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà wa ju gbogbo orúkọ àìsàn yòókù lọ, orúkọ náà ni jẹ̀díjẹ̀dí. Bí ihò ìdí bá ń yúnni, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí inú bá ń lọ́ni kí a tó yàgbẹ́, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kán sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí náà ni, a ó sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ṣúgà àti ohun dídùn. Ohun tí a kó jọ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí lè jẹ́ àìsàn bíi mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ojú dókítà. Àwọn kan nínú wọn yóò san fúnra wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn mìíràn lè gba ẹ̀mí bí a kò bá tètè mú wọn.

Ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn, n kò sì wá láti sọ yín di dókítà ara yín. Mo wá kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó máa wò, ohun tí ẹ ó sọ, àti ẹni tí ẹ ó sọ ọ́ fún.

Ohun tí àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ ń sọ

Oúnjẹ tí a jẹ ń gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí agbẹ̀du, ó ń ti ibẹ̀ bọ́ sínú ìfun kékeré, kí ó tó dé ìfun ńlá, kí ó tó wá jáde ní ihò ìdí. Ibikíbi ní ojú ọ̀nà gígùn yìí ni ẹ̀jẹ̀ ti lè yọ. Bí ibi tí ó ti ń yọ bá ti súnmọ́ ẹnu ọ̀nà tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe pupa tó.

Ẹ̀jẹ̀ tí ó pupa fòò, tí ó wà lórí bébà tí a fi nùdí, tàbí tí ó kán sínú omi, sábà máa ń wá láti ihò ìdí tàbí ìsàlẹ̀ ìfun ńlá. Ẹ̀jẹ̀ tí ó pupa rúsúrúsú, tí ó ti dàpọ̀ mọ́ ìgbẹ́, lè ti òkè díẹ̀ wá. Bí ìgbẹ́ bá wá dúdú bí ọ̀dà tí a fi ń tẹ́ títì, tí ó ń lẹ̀, tí òórùn rẹ̀ sì burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ máa yọ nínú agbẹ̀du tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, kí ó sì ti dà pẹ̀lú oúnjẹ kí ó tó jáde. Ọgbẹ́ inú agbẹ̀du lè fa èyí. Àwọn oògùn ìrora bíi ibuprofen àti aspirin wà lára ohun tí ń dá irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, pàápàá bí a bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́ fún orúnkún tàbí ìbàdí tí ń dunni.

Ẹ má gbàgbé pé oògùn tí ó ní èròjà irin nínú, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Ewébẹ̀ beetroot náà lè sọ ọ́ di pupa. Síbẹ̀, ẹ má fi èyí tu ara yín nínú kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ béèrè.

Ẹ̀yin ìyá wa, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín ní pàtàkì. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ rí lórí bébà lè má ti ihò ìdí wá rárá. Bí ó bá jẹ́ ojú ara ni ó ti wá, tí ẹ sì ti dẹ́kun nǹkan oṣù láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ sọ fún dókítà láìjáfara, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ rí i.

Kí ni ikun ń ṣe nínú ìgbẹ́?

Ikun tí mo ń wí yìí kì í ṣe ikùn tí oúnjẹ ń wọ̀. Ohun yíyọ̀ tí ó dà bí ti imú ni. Ara tí ó bo inú ìfun ló ń ṣe é kí ìgbẹ́ lè máa yọ̀ kọjá láìha ìfun. Díẹ̀ nínú rẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ gbogbo ènìyàn, ojú kì í sábà rí i. Bí ó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí i, ohun kan ń bí ìfun nínú nìyẹn. Ẹni tí ìfun rẹ̀ kàn ń ṣe ségesège, tí inú rẹ̀ ń wú, tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń le lónìí tí ó sì ń ṣàn lọ́la, lè rí ikun láìsí ẹ̀jẹ̀. Àìsàn yìí ń yọni lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í ba ìfun jẹ́. Bí ikun àti ẹ̀jẹ̀ bá jọ jáde, ọ̀rọ̀ yí padà. Ó di ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́.

Àwọn ohun tí ó lè fà á

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú jẹ̀díjẹ̀dí gan-an, nítorí òun ló wọ́pọ̀ jù. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wú nínú ihò ìdí tàbí ní ẹnu rẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń pupa fòò, ó ń yúnni, ikun lè bá ìgbẹ́ jáde, kókó sì lè yọ síta, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ìyọ́dí. Ìgbẹ́ líle, títiraka pẹ́ lórí àwo ìgbọ̀nsẹ̀, oyún àti gbígbé ẹrù wúwo wà lára ohun tí ń fà á. Ṣúgà kò sí nínú wọn, bí ó tilẹ̀ ní ìjàǹbá tirẹ̀ tí ó ń ṣe.

Èkejì ni ojú ihò ìdí tí ó ya. Ìgbẹ́ líle ló sábà máa ń ya á. Ìrora rẹ̀ dà bí ìgbà tí a fi abẹ gé ènìyàn, ó sì lè wà lára fún wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti dìde.

Ẹ̀kẹta ni ìgbẹ́ ọ̀rìn. Ìgbẹ́ gbuuru ni, tí ó ní ẹ̀jẹ̀ àti ikun nínú, tí inú ń lọ́ni, tí ó sì ń ṣe ènìyàn bí ẹni pé kò tíì yàgbẹ́ tán. Kòkòrò àìfojúrí ló ń fà á, bíi Shigella àti amoeba. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni Campylobacter, tí ó máa ń wà lára adìyẹ tí kò jinná. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, ẹ sọ fún dókítà, ẹ sì sọ ọ́ bí ó tilẹ̀ ti tó oṣù mélòó kan tí ẹ ti dé, nítorí amoeba lè fara pamọ́ sínú ara kí ó tó fi ara hàn. Bákan náà ni kòkòrò àtọ̀sí ajá. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ èyí tí ń mú ẹ̀jẹ̀ wá nínú ìtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yà mìíràn wà tí ń gbé ní àyíká ìfun, tí ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ wá nínú ìgbẹ́. Inú omi odò ló ti ń gba ara wọlé, ó sì lè gbé inú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó máa fi ọṣẹ fọwọ́, kí ó má sì dáná fún ẹlòmíràn títí wákàtí 48 yóò fi kọjá lẹ́yìn èyí tí ó yà kẹ́yìn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ má ra oògùn tí ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró láìjẹ́ pé ẹ ti bá dókítà tàbí apòògùn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí ènìyàn bá ti ń dàgbà, àpò kéékèèké lè yọ lára ìfun ńlá. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ní in tí wọn kò mọ̀, nítorí kì í dùn wọ́n. Nígbà mìíràn àpò náà lè wú kí ó sì mú ibà àti inú rírun wá, pàápàá ní apá òsì, tàbí kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ sì jáde púpọ̀ lójijì.

Ẹ̀karùn-ún ni àwọn àìsàn tí ìfun fi ń wú, tí ó sì ń dégbò fún ọdún púpọ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní ulcerative colitis àti Crohn's disease. Ẹ̀jẹ̀ àti ikun ni àmì wọn, pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru tí kò lọ, àárẹ̀, àti ara tí ń fọn. Àwọn ọ̀dọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú, ṣùgbọ́n ó lè bẹ̀rẹ̀ lára àgbàlagbà náà. Oògùn wà tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ lórí ba.

Ẹ̀kẹfà ni kókó tí ń hù lára ìfun, tí wọ́n ń pè ní polyp. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn, bí ọdún ti ń gorí ọdún, ń di jẹjẹrẹ. Tótó, ó ṣe bí òwe, ẹ̀yin àgbà ni ẹ ni òwe: kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Dókítà lè gé irú kókó bẹ́ẹ̀ kúrò ní ọjọ́ tí ó rí i, kí ó má tilẹ̀ di jẹjẹrẹ rárá.

Jẹjẹrẹ inú ìfun

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wúwo sí. Jẹjẹrẹ inú ìfun ń fi ẹ̀jẹ̀ hàn nínú ìgbẹ́, ikun lè bá a jáde, bí ìgbà tí jẹ̀díjẹ̀dí bá wà. Kò pọn dandan kí ó dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn àmì rẹ̀ mìíràn ni pé ìṣe ìgbẹ́ ènìyàn yí padà, tí ó ń yà léraléra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tàbí tí kò rí i yà. Kókó nínú ikùn. Ara tí ń fọn láìjẹ́ pé ènìyàn dín oúnjẹ kù. Àti àárẹ̀ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń jò díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tí ó rí i. Ẹni tí ó ti pé 50 ọdún lọ sókè ni ó ń mú jù. Ẹ sì fi èyí sọ́kàn: ènìyàn kan náà lè ní jẹ̀díjẹ̀dí kí ó sì ní jẹjẹrẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Pé jẹ̀díjẹ̀dí ti ń ṣe yín láti ogún ọdún wá kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ti ọdún yìí tirẹ̀ ni.

Mo ti gbọ́ kí àwọn ènìyàn wa sọ pé àrùn òyìnbó nìyí. Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ẹnìkan tí ọ̀pọ̀ nínú yín jó sí orin rẹ̀. Sonny Okosun, akọrin tí ó kọ "Fire in Soweto", jẹjẹrẹ inú ìfun ni ó pa á ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, ní Washington, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 61. Pelé, agbábọ́ọ̀lù tí ó bá ẹgbẹ́ Santos wá sí Èkó ní ọdún 1969, àìsàn kan náà ni. Wọ́n rí kókó náà lára ìfun rẹ̀ nígbà tí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọdún 2021, ó sì kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2022.

Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ "àrùn òyìnbó" yẹn, ṣùgbọ́n kò gbè wá mọ́. Dókítà kan, Denis Burkitt, tí ó ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Uganda, ṣàkíyèsí pé àìsàn ìfun ńlá ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ará oko ní Áfíríkà, nítorí oúnjẹ wọn kún fún ewébẹ̀, ẹ̀wà àti ọkà tí a kò bó èèpo rẹ̀ kúrò, ìgbẹ́ wọn sì ń rọ̀, ó ń tètè jáde. Oúnjẹ ni ó dáàbò bò wọ́n. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde nínú èyí tí 20 ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà àti 20 ará oko ní South Africa pààrọ̀ oúnjẹ ara wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, àwọn àmì inú ìfun tí a mọ̀ mọ́ ewu jẹjẹrẹ dínkù lára àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì pọ̀ sí i lára àwọn ará oko. Ẹni tí ó ti ń jẹ búrẹ́dì funfun, sọ́séèjì àti ẹran inú agolo ní Moss Side tàbí Cheetham Hill láti ọgbọ̀n ọdún, kò lè gbára lé oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ sè fún un ní Ìjẹ̀bú.

Ìròyìn ayọ̀ wà pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ yìí, bí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ inú ìfun ní ìpele rẹ̀ àkọ́kọ́, ó ju 9 nínú ènìyàn 10 lọ tí yóò ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Bí ó bá ti tàn dé ibi jíjìn nínú ara kí wọ́n tó rí i, wọn kò ju bíi 1 nínú 10 lọ. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Àpò ìwé tí ó ń bọ̀ ní póòsì

Gbogbo ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà GP ní England, tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín 50 sí 74, ni NHS ń fi ohun èlò àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí nílé ní ọdún méjì méjì, lọ́fẹ̀ẹ́. FIT ni wọ́n ń pè é. Ó ń wá ẹ̀jẹ̀ tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló máa ń ti àpò náà bọ inú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú ìwé iná àti ìwé gáàsì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un jáde. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹ fi bébà tàbí ike mímọ́ gba ìgbẹ́ kí ó má baà kan omi. Ẹ fi ọ̀pá kékeré inú ìgò náà ha ojú rẹ̀ díẹ̀, ẹ dá a padà sínú ìgò, ẹ dé e, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ nínú àpò tí wọ́n ti san owó póòsì rẹ̀. Èsì yóò dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú 100 ènìyàn, bíi 2 péré ni wọ́n máa ń ní kí ó wá fún àyẹ̀wò síwájú sí i, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó ní jẹjẹrẹ.

Bí ẹ bá lọ sí Nàìjíríà fún oṣù mẹ́fà tí àpò náà sì sọnù, tàbí bí ẹ bá ti lé ní ọdún 74 tí ẹ sì ṣì fẹ́ ṣe é, ẹ pe 0800 707 60 60, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń fi ojú ara rẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀, kí ó má ṣe dúró de àpò kankan. Dókítà ni kí ó lọ bá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí èsì FIT rẹ̀ dára ní ọdún tó kọjá, tí àmì sì wá yọ lónìí.

Ìgbà wo ni kí a lọ, ibo ni kí a lọ?

Ẹ pe dókítà GP yín bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ẹ pè é pẹ̀lú bí ìṣe ìgbẹ́ yín bá ti yí padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ara yín bá ń fọn, bí kókó bá wà nínú ikùn, tàbí bí ó bá ń rẹ̀ yín láìnídìí.

Ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ pe GP tàbí 111 bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, bí ó bá pupa rúsúrúsú, tàbí bí ìgbẹ́ gbuuru bá ní ẹ̀jẹ̀ nínú.

Ẹ pe 999, tàbí kí ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ní Manchester Royal Infirmary ní Oxford Road, ní Wythenshawe, tàbí ní North Manchester General, bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, bí omi inú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ bá pọ́n, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ dídì ńláńlá bá ń jáde. Ẹni tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin tàbí apixaban, kí ó sọ ọ́ ní gbólóhùn àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kí ó má fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá oògùn náà dúró kí ó tó bá dókítà sọ̀rọ̀.

Ọ̀fẹ́ ni láti rí dókítà GP. Ẹnikẹ́ni lè forúkọ sílẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ lé e nítorí pé kò ní ìwé ilé tàbí ìwé ìgbélùú lọ́wọ́. Ẹni tí ó ti pé 60 ọdún kì í san owó oògùn tí dókítà kọ fún un.

Bí a ó ṣe sọ ọ́

Níhìn-ín ni iṣẹ́ mi ti kan ọ̀rọ̀ yìí jù. Àgbà kan yóò wí pé, "Ẹ̀yìn ń dùn mí." Ihò ìdí ni ó ní lọ́kàn, ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ọmọ tí ó mú lọ, tí a bí ní Manchester, yóò túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Dókítà yóò kọ oògùn ìrora fún un, bóyá ibuprofen, oògùn tí ó tún lè mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Jẹ̀díjẹ̀dí ni." Ọ̀rọ̀ tí a ti fi orúkọ àìsàn parí kò jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wà, pé ikun wà, pé ara ń fọn.

Nítorí náà, ẹ má sọ orúkọ àìsàn. Ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ sọ: "Mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ mi. Ó pupa báyìí. Orí bébà ni ó wà, tàbí ó dàpọ̀ mọ́ ìgbẹ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ báyìí. Ikun wà níbẹ̀, tàbí kò sí." Ẹ fi kún un bí òbí, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ yín kan bá ti ní jẹjẹrẹ inú ìfun rí, ìrìn àjò tí ẹ rìn, àti gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, títí kan àgbo.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àgbo. N kò wá bú ewé àti egbò tí àwọn baba wa fi wo ara wọn. Ṣùgbọ́n àgbo tí a rẹ sínú ọtí líle kò dára fún inú tí ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ, àwọn kan nínú wọn sì lè bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì jà. Ewu tí ó tóbi jù ni àkókò tí a ń pàdánù. Bí ènìyàn bá mu ìgò mẹ́ta ní oṣù mẹ́ta tí ẹ̀jẹ̀ sì dá fún ìgbà díẹ̀, yóò rò pé ó ti san. Ẹ̀jẹ̀ jẹjẹrẹ náà máa ń dá, yóò sì tún padà wá. Ẹ gbé ìgò náà dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ. Dókítà kò ní bá yín jà.

NHS ń pèsè ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń gba àkókò, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tó láti sọ: Yoruba interpreter, please. Ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ gbé ọ̀rọ̀ yín jáde kúrò nínú yàrá náà. Bàbá kan kò ní lè sọ níwájú ọmọbìnrin rẹ̀ ohun tí yóò lè sọ níwájú òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n rí. Dókítà lè fẹ́ fi ìka tí ó wọ ìbọ̀wọ́ yẹ ihò ìdí wò. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè kí ọkùnrin yẹ ọkùnrin wò, kí obìnrin sì yẹ obìnrin wò, kí ẹlẹ́rìí sì wà nítòsí.

Ó lè fún yín ní FIT láti ṣe. Bí ó bá pọn dandan, yóò rán yín lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ìlànà NHS ni pé kí ẹni tí a rán lọ lọ́nà bẹ́ẹ̀ gbọ́ láàárín ọjọ́ 28 bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun. Níbẹ̀ wọ́n lè fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó rọ̀, tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀, wo inú ìfun ńlá. Wọn yóò ti fún yín ní oògùn tí yóò fọ ìfun mọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì lè fún yín ní èyí tí yóò jẹ́ kí ara yín balẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ jẹjẹrẹ, ilé ìwòsàn Christie tí ó wà ní Withington wà ní ìlú yìí, jẹjẹrẹ sì ni iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Ohun tí a lè ṣe nílé

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ilá, ìbẹ́pẹ, ọsàn àti búrẹ́dì aláwọ̀ ilẹ̀ wà nínú oúnjẹ yín. Bí ó bá jẹ́ àmàlà tàbí ẹ̀bà ni, ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju òkèlè lọ. Ẹ máa mu omi, bí òtútù tilẹ̀ ń mú. Ẹ dín ẹran pupa kù, pàápàá bacon, sọ́séèjì àti ham. Ẹ dín ọtí kù, ẹ fi sìgá sílẹ̀, kí ẹ sì máa rìn díẹ̀ lójúmọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ láti ilé dé ibùdókọ̀ kejì. Bí ìgbẹ́ bá ń ṣe yín, ẹ má dá a dúró. Bí ẹ bá sì jókòó, ẹ má tiraka, ẹ má sì mú fóònù wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ kà á fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti rí ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, tí ẹ kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ pe dókítà yín ní àárọ̀ ọ̀la nígbà tí ilẹ̀kùn wọn bá ṣí. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ó jẹ́ ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí dókítà ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.